Ìṣẹ́jú Tí Mo Fi Wo Tẹlifíṣọ̀n Alájì Sàlàkọ́

Ìkòròdú, Ọjọ́ Ajé, 9 Nòfẹ́ḿbà, 1959

Láti ọjọ́ tí Alájì Sàlàkọ́ ti gbé tẹlifíṣọ̀n wọlé ni mo ti ń lọ síbẹ̀ ní alaalẹ́. Kò sẹ́ni tó gbọ́ òyìnbó nínú ilé yẹn, àfi ọmọ rẹ̀ Mùlíkátù tó wà ní kíláàsì mi, ìwọ̀nba díẹ̀ lòun náà sì gbọ́. Èmi ni mo ń jókòó lórí àga iwájú, mo ń sọ ohun tí àwọn tó wà nínú àpótí ń wí di Yorùbá fún gbogbo ilé. Alájì ti pàṣẹ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ jókòó lórí àga náà, bí mo tilẹ̀ pẹ́ dé.

Lánàá, lẹ́yìn ìsìn, Fáṣínà tó jẹ́ bàbá ìjọ wa sọ fún mi pé ìmọ́lẹ̀ àpótí yẹn ń jẹ ẹyinjú bí ikán ṣe ń jẹ igi, pé láti inú ló ti ń jẹ ẹ́ bọ̀ wá síta. Mo bi í pé níbo ló ti kà á. Ó ní kì í ṣe gbogbo òtítọ́ ni wọ́n kọ sínú ìwé. Ọ̀rọ̀ náà bá mi délé. Mo ti ń kàwé láti ọdún méjìlélọ́gbọ̀n, mo mọ̀ pé ohun tí ènìyàn kò bá wọ̀n, àhesọ ni.

Nítorí náà mo fẹ́ wọ̀n ọ́n. Ìṣẹ́jú tí mo bá fi wo àpótí náà lálẹ́, n ó fi aago àpò mi kà á, n ó kọ ọ́ síhìn-ín. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, n ó dúró lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìn ilé mi, ìṣísẹ̀ mẹ́rìnlá sí ògiri pálọ̀, n ó ka orúkọ tó wà lábẹ́ àwọn fọ́tò inú kàlẹ́ńdà Ẹgbẹ́ Ìrẹ̀pọ̀ ìjọ wa. Ogójì ènìyàn ló wà nínú rẹ̀. Bí ìṣẹ́jú bá ń pọ̀ tí orúkọ sì ń dín, Fáṣínà ló jàre.

Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe eré fún mi. Lẹ́tà alábòójútó ilé-ìwé ti dé. Bí dókítà ní Ẹ̀pẹ́ bá fọwọ́ sí i lọ́jọ́ kejìdínlógún oṣù tó ń bọ̀ pé ojú àti etí mi pé, èmi ni ọ̀gá ilé-ìwé ní Jánúárì. Ọdún mọ́kànlá ni mo ti fi ṣe igbákejì, lábẹ́ ọ̀gá mẹ́ta, mo sì ju méjì nínú wọn lọ ní ọgbọ́n.

Ìṣẹ́gun, 10 Nòfẹ́ḿbà

Ìṣẹ́jú 95. Orúkọ 40.

Àbámẹ́ta, 14 Nòfẹ́ḿbà

Ìṣẹ́jú 130. Orúkọ 40.

Pálọ̀ kún débi pé àwọn kan ń wò láti ojú fèrèsé. Fíìmù àwọn òyìnbó tó ń gẹṣin ni wọ́n ṣe. Rọ̀kíbátù, ìyálé ilé, kò jẹ́ kí n sinmi.

“Tísà, kí ló bí ọkùnrin yẹn nínú tó báyẹn?”

“Wọ́n jí màlúù rẹ̀ ni, Alájà.”

“Màlúù mélòó?”

“Wọn ò sọ.”

“Ẹ kúkú bi í!”

Alájì ní, “Rọ̀kí, tó bá sọ iye rẹ̀ fún ọ, ṣé wàá bá a wá a ni?” Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín.

N kò gbọdọ̀ purọ́ fún ìwé ara mi: mo gbádùn rẹ̀. Mo gbádùn kí àgbà àti ọmọdé dákẹ́ jẹ́ẹ́, kí wọ́n máa wo ẹnu mi.

Ìṣẹ́gun, 17 Nòfẹ́ḿbà

Èéfín kan ti gba àárín ohun gbogbo tí mo bá tẹjú mọ́. Bí mo bá ń ka ìwé ìròyìn, ọ̀rọ̀ tí mo ń wò gan-an a sá, àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ a dúró. Kẹrosíìnì àtùpà ló fà á. Wọ́n ti ń fi nǹkan lú u ní èbúté Ìpakodò kó tó dé ọ̀dọ̀ wa, wọ́n sì tún fi owó lé e. Rebecca ìyàwó mi ní, “Ẹ jẹ́ kí dókítà wò ó kó tó di ọjọ́ tí wọ́n dá.” Mo ní kó lọ nu gíláàsì àtùpà.

Ìṣẹ́jú 80. Orúkọ 40. Bí ojú bá ń bàjẹ́, ta ló wá ń ka ogójì?

Ẹtì, 20 Nòfẹ́ḿbà

Mo na Mùlíkátù ọmọ Alájì ní ẹgba méjìlá lónìí.

Mo ní kí kíláàsì kọ ìtàn ìrìn àjò kan tí wọ́n rìn. Mo gba ìwé tirẹ̀, mo ṣí i, ojú ewé méjèèjì funfun báláú.

“Níbo ni iṣẹ́ rẹ wà?”

“Ó wà níbẹ̀, sà.”

“Níbo?”

“Níwájú yín, sà.”

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Ọmọ ọdún mọ́kànlá! Mo nà án ní mẹ́fà nítorí iṣẹ́ tí kò ṣe, mo fi mẹ́fà lé e nítorí irọ́. Àtẹ́lẹwọ́ ni gbogbo rẹ̀. Nígbà tí mo gbé orí sókè, Ògúnsànyà tó ń kọ́ kíláàsì kejì dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ó wo ìwé tó wà lórí tábìlì, ó wò mí, ó lọ.

Ọmọ náà kò sunkún. Ìyẹn ló bí mi nínú jù.

Ìṣẹ́jú 70. Orúkọ 40.

Àbámẹ́ta, 21 Nòfẹ́ḿbà

Rebecca pàdé ìyálé Alájì lọ́jà, ó ń wá àdí tí yóò fi ra ọwọ́ ọmọ náà. Mo ní ọmọ tí a kò bá nà kì í gbọ́n.

“Wọ́n na ẹ̀yin náà tó báyẹn?”

“Wọ́n nà mí jù bẹ́ẹ̀ lọ.”

“Ó hàn,” ló wí, ó sì gbé ìkọ́kọrẹ́ síwájú mi. N kò bi í léèrè ohun tó hàn.

Mo rò pé Alájì yóò fajú ro. Dípò bẹ́ẹ̀, ó dìde fún mi, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ nu àga iwájú. “Tísà wa! Ẹ kú iṣẹ́ ọmọ. Ọmọ tó bá purọ́ fún ẹni tó ríran, ẹgba tọ́ sí i.” Ó rẹ́rìn-ín. Kò sí ẹlòmíràn tó rẹ́rìn-ín.

Ìṣẹ́jú 90. Orúkọ 40.

Ọjọ́bọ̀, 26 Nòfẹ́ḿbà

N kò lọ sí ilé Alájì láti ọjọ́ Àìkú. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá ojú yóò tún mọ́lẹ̀ sí i bí mo bá sinmi.

Ọjọ́ mẹ́rin: ìṣẹ́jú 0, 0, 0, 0. Orúkọ: 40, 40, 40, 40.

Ó dára. Wíwò kò dín in kù, àìwò kò fi kún un. Fáṣínà ti jẹ̀bi. Síbẹ̀ nǹkan kan ń gún mi lọ́kàn. Ìwọ̀n ara mi a máa yí padà, òjò ọdún yìí yàtọ̀ sí ti èṣí, gààrí ọjà Èjìnrìn kì í jẹ́ iye kan náà lọ́jà méjì. Kí ló dé tí ojú mi nìkan kò fi sún síwájú tàbí sẹ́yìn? Bí akẹ́kọ̀ọ́ kan bá gba ogójì nínú ogójì fún ọ̀sẹ̀ méjì gbáko, n ó gbé ìwé rẹ̀ kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, n ó wo abẹ́ ìjókòó rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ta ni n ó wo abẹ́ ìjókòó rẹ̀?

Ọjọ́bọ̀, 3 Dìsẹ́ḿbà

N ó kọ ọ́ bó ṣe rí, nítorí bí n kò bá kọ ọ́ báyìí, ọ̀la ni n ó tún un sọ bó ṣe wù mí.

Alájì ránṣẹ́ pè mí, ó ní àwọn àlejò òun ti dé láti Ìmọ̀tà, wọ́n fẹ́ gbọ́ Tísà tó ń túmọ̀ òyìnbó. Mo wọ agbádá. Pálọ̀ kún. Nígbà tí àpótí náà mọ́lẹ̀, ohùn kankan kò jáde nínú rẹ̀.

“Ohùn rẹ̀ ti sé láti àárọ̀,” ni Alájì wí. “Àwòrán nìkan ló kù. Ṣùgbọ́n Tísà wà níbí. Tísà, ẹ bá wa sọ ohun tí wọ́n ń ṣe.”

Mo tẹjú mọ́ ọn. Èéfín náà bo àárín àpótí. Ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ nǹkan funfun ń lọ, nǹkan funfun ń bọ̀. Mo rántí pé ní Ọjọ́bọ̀ pẹ̀lú, wọ́n a máa ṣe fíìmù ẹlẹ́ṣin. Mo ní, “Ọkùnrin kan ló gun ẹṣin funfun. Ó ń sáré.”

“Ó ń sáré?” ni Alájì wí. “Ta ló ń lé e?”

“Ọlọ́pàá.”

“Ọlọ́pàá mélòó?”

“Mẹ́ta. Wọ́n ti yọ ìbọn.”

“Ẹ̀yin ará Ìmọ̀tà, ṣé ẹ ń gbọ́? Ìbọn ti jáde o! Tísà, ẹ má dúró, ẹ máa bá wa lọ.”

Mo bá wọn lọ. Mo mú ẹṣin náà kọjá odò. Mo mú kí ọlọ́pàá kan ṣubú. Kò sẹ́ni tó mira, mo sì rò pé ìtàn náà ló wọ̀ wọ́n lára. Ó tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí Rọ̀kíbátù tó sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ kò sì le.

“Tísà, àkàrà òyìnbó ni obìnrin yẹn ń pò. Ìyẹ̀fun ló wà lọ́wọ́ rẹ̀.”

Ẹ̀rín náà dà bí ìgbà tí òrùlé pákó bá já. Àwọn tó wà lójú fèrèsé náà ń rín. Ẹnì kan ń pariwo pé, “Ẹṣin ti jiná! Ẹ bu iyọ̀ sí i!” Mo gbìyànjú láti rín pẹ̀lú wọn.

Alájì kò rẹ́rìn-ín. Ó ju ìwé kan sórí itan mi. “Ìwé Mùlí nìyẹn. Pẹ́ńsù ló fi kọ ọ́. Mo mú un tọ Ògúnsànyà lọ lọ́jọ́ tó o nà án, ó kà á fún mi láti òkè dé ìsàlẹ̀. Èmi tí n kò lọ sílé-ìwé, mo rí i pé nǹkan wà nínú rẹ̀. Ìwọ tó o ń kọ́ni kò rí i. Ó ju ọ̀sẹ̀ kan lọ kí ọwọ́ ọmọ mi tó lè di ṣíbí mú.”

Kò tíì pè mí ní ìwọ rí.

Mo ní n kò mọ̀.

“O ò mọ̀,” ló wí. “Ṣùgbọ́n ó dá ọ lójú.”

Ìṣẹ́jú 25.

Ẹtì, 4 Dìsẹ́ḿbà

Orúkọ 40. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì.

Àwọn ọmọ tó ń pọnmi ya kúrò lọ́nà fún mi. “Ẹ yà o, ẹṣin Tísà ń bọ̀!” N kò dá wọn lóhùn. Ìkùukùu ni wọ́n jẹ́ lójú mi, mo sì mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n ogójì ni mo kà láàárọ̀ yìí. Ìmọ́lẹ̀ àpótí náà ló ń dà mí láàmú. Ohun tó bá dúró jẹ́ẹ́, mo ń rí i.

Ọjọ́rú, 9 Dìsẹ́ḿbà

Ọyẹ́ ti dé. Ètè gbogbo ènìyàn ti là.

Láàárọ̀, mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo ka orúkọ láti òsì sí ọ̀tún, láti orí Olóyè Adéyọ̀sí tó jẹ́ bàbá ẹgbẹ́ títí dé orí akápò. Ogójì. Mo yí padà, Rebecca dúró lẹ́yìn mi.

“Ẹ ti kà á tán, Bàbá Táyọ̀?”

“Ogójì pé.”

“Ẹ lọ fọwọ́ kàn án.”

Mo lọ síbi ògiri. Mo fọwọ́ kàn án, mo gbé ojú sún mọ́ ọn, mo yí orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ bí adìyẹ, nítorí ẹ̀gbẹ́ ojú ló kù tó ń ṣiṣẹ́. Kò sí fọ́tò níbẹ̀. Kò sí orúkọ. Ẹ̀yìn kàlẹ́ńdà ló kọjú sí mi, funfun, pẹ̀lú ìdọ̀tí aláǹgbá kan.

“Láti ọjọ́ Àìkú ni mo ti yí i padà,” ló wí.

Àárọ̀ mẹ́ta. Ọgọ́fà orúkọ ni mo ti kà lára ìwé òfìfo. Ogún ọdún ni mo ti mọ àwọn ènìyàn wọ̀nyẹn. Mo mọ ibi tí oníkálukú jókòó sí, mo mọ ẹni tí fìlà rẹ̀ tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Mo lè kà wọ́n nínú òkùnkùn, nínú oorun. Ó ti tó ìgbà wo tí mo ti ń kà wọ́n nínú òkùnkùn?

“Kí ló dé tí o kò sọ fún mi lọ́jọ́ Àìkú?”

“Mo ti sọ fún yín lóṣù tó kọjá. Ẹ ní kí n lọ nu gíláàsì àtùpà. Mo wá ní kí ẹ fúnra yín rí i.”

“Kí ni mo fẹ́ fi rí i?”

Ó lọ gbé omi kaná.

Àbámẹ́ta, 12 Dìsẹ́ḿbà

Mo dìbò ìjọba àpapọ̀. N kò lè búra ẹni tí mo dìbò fún.

Ẹtì, 18 Dìsẹ́ḿbà

Mo ń fi ìka òsì di ìlà mú, kí ọwọ́ ọ̀tún má bàa gun orí ohun tó ti kọ.

A wọ lọ́rì ní kùtùkùtù. Eruku ọ̀nà Ìmọ̀tà wọ̀ wá lára títí a fi dé Ẹ̀pẹ́. Rebecca di apá aṣọ mi mú bí ẹni di ewúrẹ́ mú. Nínú àpò mi ni ìwé yìí wà. N kò mọ ìdí tí mo fi gbé e dání. Bóyá mo ṣì ń retí pé ẹnì kan yóò wò ó, yóò ní iṣẹ́ ńlá ni.

Ọmọ kékeré ni dókítà náà, bí a bá fi ohùn wò ó. Ó na ìka sókè, ó ní mélòó ni. Mo ní méjì. Ó ní kí n tún wò ó. Mo ní mẹ́ta. Ó ní òun kò tíì nàka kankan lẹ́ẹ̀kejì yẹn.

Ó tan iná sí mi lójú, ó pẹ́ lórí rẹ̀. Lẹ́yìn náà mo gbé ìwé fún un. Mo gbọ́ bó ṣe ń ṣí i, ewé kan tẹ̀ lé èkejì.

“Bàbá, ọgbọ́n ńlá lèyí. Kò sí aláìsàn tó tíì mú irú rẹ̀ wá bá mi. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin lẹ ṣe ìdánwò, ẹ̀yin lẹ mọ ìdáhùn, ẹ̀yin náà lẹ tún máàkì í.”

“Ṣé tẹlifíṣọ̀n ló fà á?”

“Rárá o. Bí ẹ ò bá wò ó láyé yín, bó ṣe máa rí nìyí. Ìgbà wo lẹ kọ́kọ́ rí èéfín?”

Ìyẹn ni ohun kan ṣoṣo tí ìwé mi wúlò fún lọ́jọ́ náà. “Ọjọ́ kẹtàdínlógún, oṣù tó kọjá.”

Mo gbọ́ tó pa ìwé náà dé. “Abẹ́rẹ́ kan wà. Bí ẹ bá wá ní ọ̀sẹ̀ yẹn, à bá gbìyànjú rẹ̀, à bá dá èyí tó kù dúró. Ó ti pé oṣù kan báyìí. Ibi tó kú ti kú. Kí ló dá yín dúró?”

“Ogójì ni, dókítà,” ni Rebecca wí.

Ó kọ ohun tó máa kọ sórí ìwé alábòójútó. N kò ní kó kà á fún mi.

Ọjọ́ Ajé, 21 Dìsẹ́ḿbà

Ògúnsànyà ni ọ̀gá ilé-ìwé ní Jánúárì. Òun fúnra rẹ̀ ló wá sọ fún mi. Ó ní òun mọ̀ láti ọjọ́ tí mo na ọmọ Alájì, pé ó yẹ kí òun ti sọ̀rọ̀. Mo ní ó yẹ bẹ́ẹ̀. Ó ní ẹ̀rù mi ló ba òun. Mo gbà á gbọ́. Ẹ̀rù mi ti ba ọ̀pọ̀ ènìyàn, ó sì dùn mọ́ mi nígbà náà.

Ó jókòó fún ìgbà díẹ̀, ó sì bi mí bóyá mo fẹ́ ta àwọn ìwé mi.

Àìkú, 27 Dìsẹ́ḿbà

Mo ní kí Rebecca mú mi lọ bá Mùlíkátù. Ó ní òun kò lọ. “Ẹ̀yin nìkan lẹ nà án, ẹ̀yin nìkan ni kí ẹ lọ bẹ̀ ẹ́.” Mo fi ọ̀pá tọ́ ọ̀nà. Ọmọ náà ń lọ ata lágbàlá, mo gbọ́ ìró ọlọ. Mo ní kó dárí jì mí, pé n kò rí ohun tó kọ.

Ìró ọlọ kò dúró. “Mo sọ fún yín pé ó wà níbẹ̀, sà.”

“O sọ fún mi.”

“Lẹ́yìn tí ẹ na mẹ́fà, mo tún sọ ọ́.”

N kò rántí pé ó tún un sọ. Mo ti wá inú ìwé yìí àti inú orí mi, n kò rí i. Mo mọ̀ pé òótọ́ ló ń sọ.

Alájì jáde wá bá wa. Ó ní inú òun ti rọ̀, pé kò sẹ́ni tó ń túmọ̀ fún wọn mọ́, Rọ̀kíbátù ń yọ òun lẹ́nu. “Ohùn àpótí ti padà. Etí lo fi ń gbọ́ òyìnbó, kì í ṣe ojú. Máa bọ̀ lálẹ́. A ó máa fún ọ lóúnjẹ.”

Mo dúró kí ìbínú dé sí mi. Kò dé.

Ọjọ́bọ̀, 31 Dìsẹ́ḿbà

Rebecca ti ilẹ̀kùn lẹ́yìn mi. Mo lọ sí ilé Alájì, nítorí kò sí ibòmíràn tí ẹnikẹ́ni ti ń retí mi.

Mùlíkátù ló jókòó lórí àga iwájú. Wọ́n gbé àpótí ìjókòó kan fún mi sẹ́gbẹ̀ẹ́ tẹlifíṣọ̀n, wọ́n yí mi padà kí n kọ ẹ̀yìn sí i, kí n má bàa dí ẹnikẹ́ni lójú. Alájì ní, “Kò kúkú nílò rẹ̀.” Ooru ẹ̀rọ náà ń ra mí lẹ́yìn ọrùn. Níwájú mi, gbogbo ilé jẹ́ èéfín tó ń tàn, tó ń kú. Bí òyìnbó bá sọ̀rọ̀ lẹ́yìn mi, èmi a sọ ọ́ fún èéfín náà.

Ó ń lọ dáadáa. Wọ́n rín níbi tó yẹ kí wọ́n rín. Nígbà tó ṣe, ọ̀rọ̀ tán nínú fíìmù náà, ó ku fèrè tó ń dún díẹ̀díẹ̀.

“Tísà, kí ló ń ṣẹlẹ̀ báyìí?” ni Rọ̀kíbátù bèèrè, àfi bí ẹni gbàgbé.

“Wọn ò sọ̀rọ̀, Alájà.”

Mùlíkátù ní, “Wọ́n ń na ẹnì kan.”

N kò gbọ́ ìró ẹgba, n kò gbọ́ igbe, fèrè nìkan ni. Mo retí kí ẹnì kan rẹ́rìn-ín kí n lè mọ̀ pé irọ́ ni. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Kò sì sẹ́ni tó ní òótọ́ ni.

“Kí ni ẹni tí wọ́n ń nà ṣe?” ni Rọ̀kíbátù wí.

Èmi ni wọ́n bi. Mo jókòó síbẹ̀, mo kọ ẹ̀yìn sí i, mo ń retí kí òyìnbó sọ̀rọ̀. Ó pẹ́ kó tó sọ̀rọ̀.